Gbólóhùn Méjì Tí N Kò Túmọ̀ fún Ìyá Mi

Ọjọ́ tí wọ́n fi mí ṣe igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé, ariwo ayọ̀ sọ nínú yàrá àwọn olùkọ́. Ẹnì kan gbá mi mọ́ra, òmíràn ní kí n tètè ránṣẹ́ ra mínírà. Mo rẹ́rìn-ín, nítorí mo rí i pé ẹ̀rín ni wọ́n ń retí lẹ́nu mi, mo sì padà jókòó ti ìwé àwọn ọmọ tí mo ń máàkì. Inú mi kò dùn. Kò sì bàjẹ́. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísìrì ní Ìkọ̀lé, ipò yìí sì ti wù mí rí débi pé mo gba ààwẹ̀ nítorí rẹ̀. Nígbà tó wá dé, ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ lára ni pé ẹnu mi gbẹ, mo fẹ́ mu omi.

Òùngbẹ yẹn ti tó ọdún kan lára mi. Kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù, mo ti lè mu omi inú ọ̀rá mẹ́jọ, mo sì ń sáré lọ tọ̀ bí aboyún. Egungun ń ro mí, orúnkún, ìbàdí, ojúgun, gbogbo rẹ̀. Ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́rin kí n tó yàgbẹ́. Tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn lọ sí kíláàsì, ògiri ni mo ń dì mú. Mo di gbogbo rẹ̀ ru ọjọ́ orí, torí mo ti lé ní ọdún márùndínláàádọ́ta, kò sì sí ẹni tí kì í ráhùn orúnkún nínú yàrá àwa olùkọ́. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Ohun tí n kò rí bá ẹnikẹ́ni sọ ni ti ọkàn mi. Ta lèèyàn fẹ́ lọ bá pé nǹkan kan kì í dun òun mọ́, pé nǹkan kan kì í sì í dùn mọ́ òun mọ́? Èmi tí àwọn ọlọ́kadà Ìkọ̀lé mọ ẹnu mi dáadáa, ọ̀kan ta ẹrẹ̀ sí mi láṣọ ní àárọ̀ ọjọ́ ajé kan, mo kàn wò ó títí ó fi lọ. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń wálé. Ó kíyè sí i pé n kò jà mọ́. Ó ní ọjọ́ orí ti sọ mí di ẹni pẹ̀lẹ́. Ó rò pé òun ń yìn mí ni, èmi náà sì dúpẹ́.

Ìyá mi nìkan ni nǹkan náà kò tẹ́ lọ́rùn. Ìjẹ̀ṣà-Iṣu ló ń gbé, kò jìnnà sí wa, ọkadà kan péré ni. Opó ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ṣì ń ta iṣu, ó sì ń sin adìyẹ lẹ́yìnkùlé. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń lọ kí i, gbogbo ọjọ́ Sátidé náà ló sì máa ń gúnyán. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹni tó bá lọ sílé ìyá rẹ̀ tó sì kúrò níbẹ̀ láì jẹ iyán, wọ́n á ní kò tíì lọ. Tí mo bá jẹun tán, á tún bu ọbẹ̀ sínú kúlà fún mi, èyí tí mo máa jẹ títí di ọjọ́rú. Ó ní olùkọ́ kì í ráàyè se ọbẹ̀ gidi. Tíṣà ló máa ń pè mí, láti ọjọ́ tí mo ti gba ìwé ẹ̀rí.

Lọ́jọ́ kan mo jẹun tán, mo fẹ́ dìde lórí àpótí, n kò lè dìde. Mo ní láti di etí odó mú kí n tó gòkè. Ó bi mí pé kí ló ń ṣe mí. Mo ní egungun ni. Ó ní gbogbo egungun? Mo ní gbogbo rẹ̀. Ó kó àwo lọ.

Láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ọbẹ̀ rẹ̀ ti ń dún ní eyín mi. Nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó kúnná bí iyanrìn odò. Mo rò pé edé tí kò fọ̀ dáadáa ni, tàbí pé ojú rẹ̀ ti ń di bàìbàì. Ká ní ara mi pé ni, ǹ bá ti fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́, ǹ bá ní kó wá lọ ra awò ojú. Àmọ́ mo kàn ń gbé e mì. Oṣù mẹ́rin ni mo fi jẹ ọbẹ̀ yẹn.

Èmi náà sì ń ṣe tèmi. Ọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn lójú ọ̀nà ilé-ìwé wa ní kí n máa lo oògùn egungun. Oníhóró funfun ńlá ni, ó tóbi débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń ṣẹ́ ẹ kó tó lọ lọ́fun. Kálísíọ́mù ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ nípa kálísíọ́mù, mo mọ ibi tó wà lórí àtẹ tó wà lára ògiri kíláàsì, kò sì wá sí mi lọ́kàn láti bi ara mi bóyá ara mi fẹ́ ẹ. Òwúrọ̀ méjì, alẹ́ méjì. Bí egungun ṣe ń ro mí sí i, bẹ́ẹ̀ ni mo ń rà á sí i.

Ìgbà tó yá, òkúta inú kíndìnrín ló tú àṣírí wa. Mo wà níwájú kíláàsì nígbà tí ìrora náà gbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìrọbí, èyí kò sì kéré sí i. Wọ́n fi mọ́tò ọ̀gá wa gbé mi gba Ọyẹ́ àti Ìfàkì dé ilé-ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìdó. Nígbà tí wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ tí ìrora náà sì lọ, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n ní kálísíọ́mù inú rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Dókítà tó ń tọ́jú mi jẹ́ ọmọbìnrin kan tí kò tó àbúrò mi ìkẹyìn. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá, ẹ kú àárọ̀ àti ẹ ṣé nìkan ló gbọ́. Ó fara balẹ̀, kì í wo aago. Ó ní kí n jáwọ́ nínú oògùn egungun lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yàwòrán ọrùn sórí ìwé fún mi, ó fi bírò tẹ ibi mẹ́rin. Ó ní gbogbo èèyàn ló ní kókó mẹ́rin níbẹ̀, lẹ́yìn ibi tí gẹ̀gẹ̀ máa ń yọ sí, wọn kò ju hóró ìrẹsì lọ. Iṣẹ́ wọn ni láti máa tú họ́mónù kan sínú ẹ̀jẹ̀, họ́mónù náà ló ń pàṣẹ fún egungun pé kó yọ kálísíọ́mù sílẹ̀ tí ti inú ẹ̀jẹ̀ bá dínkù. Tó bá ti tó, kí kókó náà dákẹ́ ni. Ó fura pé ọ̀kan nínú tèmi ti wú, kò sì dákẹ́ mọ́. Ó ń gba kálísíọ́mù lọ́wọ́ egungun mi lójoojúmọ́, ó ń kó o sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń gbé e lọ sínú kíndìnrín, ibẹ̀ ló ti di òkúta.

Mo bi í bóyá ó lè mú kí ọkàn èèyàn kú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo sọ ọ́ jáde. Ó gbójú sókè, ó ní báwo. Mo ní nǹkan kan kì í ṣe mí mọ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó lè ṣe é, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rí i tó ń kọ ọ́. Ó yẹ kí ara tù mí, mo mọ̀ pé ó yẹ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi yẹ họ́mónù náà wò, wọ́n ní láti gbé e sínú yìnyín lọ sí ìlú mìíràn, nítorí náà a dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọjọ́ tí ìwé náà máa dé, ìyá mi ní òun máa bá mi lọ. Ó ní ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà lára mi ti pọ̀ jù, òun fẹ́ fojú ara òun rí ẹni tó ń fà á. Ó wọ aṣọ tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé báàgì rẹ̀ dání, a wọ mọ́tò.

Bí dókítà ṣe rò ló rí. Họ́mónù náà ga gan-an, kálísíọ́mù ṣì ga bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti fi oògùn sílẹ̀, fítámì D sì wálẹ̀. Ti fítámì D yẹn ṣe mí ní kàyéfì, nítorí oòrùn ni wọ́n ní ó ń fún èèyàn, oòrùn Ìkọ̀lé kì í sì í dín. Ó ní kókó tó ń ṣiṣẹ́ àṣejù náà ló ń ná an tán, òun máa fún mi ní díẹ̀díẹ̀. Ó ní iṣẹ́ abẹ ni yóò yanjú ọ̀rọ̀ náà. Àmọ́ ohun kan ṣì ń rú u lójú: kálísíọ́mù náà ga ju ti ìṣáájú lọ díẹ̀. Ó bi mí pé kí ni mo ń jẹ. Ó ń fọwọ́ júwe bó ṣe ń bèèrè, ó ń gbé ọwọ́ lọ sẹ́nu.

Ìyá mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ ó rí ọwọ́. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó yọ agolo mílíìkì kan jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e síwájú dókítà. Lẹ́bú funfun kan ló wà nínú rẹ̀. Ó yíjú sí mi pé kí n ṣàlàyé. Èmi gan-an kò mọ ohun tó jẹ́, nítorí náà òun ló sọ fún mi, èmi sì ń sọ fún dókítà. Èèyo ẹyin ni, ìyẹn èèpo rẹ̀. Ó ń gba èyí tó pọ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń ta tíì àti ẹyin díndín ní ìdíkọ̀, ó ń kó ti adìyẹ tirẹ̀ mọ́ ọn. Á bọ̀ ọ́, á sá a gbẹ lórí páànù, á lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, á sì fi aṣọ jọ̀ ọ́. Ṣíbí méjì ló ń dà sínú ọbẹ̀ mi.

Ó ní èmi ni mo kọ́ òun. Òótọ́ ni. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, àwọn adìyẹ rẹ̀ ń yé ẹyin tí èèpo rẹ̀ rọ̀ bí ọ̀rá. Mo wálé fún ọlidé, mo ní kó máa lọ èèpo ẹyin fún wọn jẹ, pé ohun tó wà nínú èèpo ẹyin náà ló wà nínú egungun. Mo ṣe bí ọ̀mọ̀wé lọ́jọ́ yẹn. Ó ṣe é, ẹyin wọn sì le. Nígbà tí mo wá sọ pé egungun ń ro mí, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè, ó ti mọ ohun tó máa ṣe. Ó sọ gbogbo èyí fún dókítà pẹ̀lú ẹ̀rín, ó gbórí sókè, bí ọmọ tó mọ ìdáhùn ìbéèrè tí ẹlòmíràn kò mọ̀.

Dókítà ṣí agolo náà, ó fi ìka méjì ra lẹ́bú náà wò. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní kí n sọ ohun mẹ́ta fún ìyá mi. Àkọ́kọ́, pé nǹkan yìí kọ́ ló fa àìsàn mi, pé kókó tó wà lọ́rùn mi ì bá ṣe ohun tó ṣe kódà kó jẹ́ ẹ̀bà lásán ni mò ń jẹ. Èkejì, pé kó dáwọ́ rẹ̀ dúró, nítorí ó ń bu omi sínú ìkòkò tó ti kún. Ẹ̀kẹta, pé ì bá wu òun kí gbogbo ẹni tó ń wọlé sí yàrá yìí ní ẹni tó ń ro tiwọn bẹ́ẹ̀, pé kí n bá òun kí i kú iṣẹ́.

Ìyá mi ń wo ẹnu dókítà, ó sì ń wo tèmi. Ó ní, "Kí ló wí?"

Mo ní, "Ó ní ohun tí ẹ ń bù sí ọbẹ̀ mi ló ń pa mí lọ."

Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ohùn mi kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. Mo fẹ́ fi èyí tó kù kún un. Ó rẹ̀ mí, ẹnu mi gbẹ, ọ̀rọ̀ náà gùn, ó sì dà bíi pé èyí tí mo sọ ti tó. N kò bínú sí i. Kò sí nǹkan kan tí mo ní sí i nínú lọ́jọ́ yẹn, rere tàbí búburú, bẹ́ẹ̀ ni n kò sì rántí láti sọ fún un pé èmi gan-an ti gbé oògùn kálísíọ́mù mì fún oṣù mẹ́rin. Wọ́n ní ẹyin lohùn. N kò ní pa òwe yẹn dé ìdí níbí, ọ̀rọ̀ ẹyin ti tó.

Ó dé agolo náà, ó tẹ ìdérí rẹ̀ dáadáa. Ó dá a padà sínú báàgì. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, dókítà sì ń rẹ́rìn-ín sí i, ó rò pé mo ti jíṣẹ́. Láti Ìdó dé Ìkọ̀lé, ìyá mi kò sọ̀rọ̀. Mo rò pé oorun ló ń kùn ún.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí Ìjẹ̀ṣà-Iṣu. Odó wà ní ìdojúbolẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Ó fún mi ní búrẹ́dì tó wà nínú ọ̀rá, tí wọn kò tíì tú, àti omi inú ọ̀rá. Ó ní, "Éè sí uyán ní ulé." Iṣu wà nínú àká rẹ̀ lẹ́yìn mi, mo rí i bí mo ṣe ń jẹ búrẹ́dì náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lọ́sẹ̀ kejì, bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́sẹ̀ kẹta. Kò tún bu ọbẹ̀ fún mi mọ́. Tí òùngbẹ bá gbẹ mí, á na ọwọ́ sí ibi tí omi wà, èmi ni màá lọ mú un. Ó ta gbogbo adìyẹ rẹ̀. Mo rí gbogbo rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń rí i pé iná ti lọ: ó lọ, ó tán.

Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì pàdé mi ní ọjà Ìkọ̀lé lẹ́yìn ìkórè. Ó bi mí pé kí ló ń ṣe ìyá mi. Láti ọdún tí mo ti gbọ́njú ni ìyá mi ti ń jẹ ọ̀gá ìdí ìkòkò nígbà ìkórè, òun ló ń pín iyọ̀, kò sí ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ láti tọ́ ọbẹ̀ wò ṣáájú rẹ̀. Obìnrin náà ní lọ́dún yìí, ìdí igi ọ̀ọ́kán ló gbé àga lọ, ó jókòó síbẹ̀, ó ń bá wọn ṣa ewé tó já sílẹ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí ọwọ́ òun kan oúnjẹ àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Mo ní ó ti dàgbà ni. Mo ra tòmátì tí mo wá rà, mo lọ sílé.

Àsìkò iṣẹ́ abẹ dé, ìlú ńlá kan ni wọ́n ní kí n lọ fún un. Ọkọ mi bá mi lọ. Ìyá mi ní òun á máa gbàdúrà nílé, kò fi ohunkóhun ránṣẹ́. Wọ́n là mí lọ́rùn, wọ́n yọ kókó kan, wọ́n fi han ọkọ mi nínú ìgò. Ó ní kò ju ẹyọ ẹ̀wà olóyin lọ, ó pupa díẹ̀. Ó ṣe é ní kàyéfì pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló sọ ìyàwó òun di ẹni pẹ̀lẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, ètè mi bẹ̀rẹ̀ sí í jó mi yìnrìnyìnrìn, ó kú tipiri. Ìka ọwọ́ mi náà kú, ó ń gún mi bí abẹ́rẹ́. Nígbà tó di ọ̀sán, ọwọ́ ọ̀tún mi ká jọ fúnra rẹ̀, n kò lè là á. Àwọn nọ́ọ̀sì sáré wá. Wọ́n ní egungun mi ti mọ̀ pé ẹni tó ń jà wọ́n lólè ti lọ, wọ́n wá ń gba ẹrù wọn padà tipátipá, ìyẹn ni kálísíọ́mù fi tán nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Wọ́n fa kálísíọ́mù sí mi ní iṣan díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n kó oògùn lé mi lọ́wọ́, oníhóró funfun ńlá, irú èyí tí wọ́n ní kí n má tún fẹnu kàn ní Ìdó. Wọ́n ní kí n máa mu mílíìkì, kí n máa jẹ ẹyin, kí n máa jẹ ẹja tòun ti egungun.

Ìbínú ló kọ́kọ́ padà sí mi lára. Ọjọ́ kẹfà ni. Fáànù tó wà lókè bẹ́ẹ̀dì mi ń ké kíkankíkan, láti ọjọ́ tí mo ti dé ló ti ń ké, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn ó bí mi nínú débi pé mo jókòó dìde, mo bú fáànù, mo bú ẹni tó gbé e kọ́, mo bú ọkọ mi tó ń sùn lórí àga. Ó lajú, ó ń wò mí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀.

Ohun tó tẹ̀ lé ìbínú ni mo fẹ́ sá fún. Mo dùbúlẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo sì rí ìyá mi nínú yàrá dókítà, bó ṣe gbórí sókè, bó ṣe ń tẹ ìdérí agolo. Mo gbọ́ ohùn ara mi. Mo rántí búrẹ́dì inú ọ̀rá, mo rántí ìdí igi ọ̀ọ́kán. Gbogbo rẹ̀ ló wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, oṣù márùn-ún gbáko, bí oníṣòwò tó kó ẹrù dé. Ojú tì mí. Ó dùn mí débi pé mo fẹ́ kí wọ́n dá kókó wọn padà sí mi lọ́rùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó lè gun mọ́tò lọ sí Ìjẹ̀ṣà-Iṣu. Ó wo ọrùn mi, ó wo ojú àpá náà, kò fọwọ́ kàn án. Ó na ọwọ́ sí ibi tí omi wà. Mo ní n kò wá mu omi. Mo sọ ohun mẹ́ta tí dókítà sọ fún un, bó ṣe tò wọ́n, láti orí àkọ́kọ́. Mo sọ fún un nípa oògùn tí èmi fúnra mi ń rà, méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́.

Ó ní mò ń tu òun nínú ni. Mo ní rárá. Mo fi ìwé tí wọ́n fún mi hàn án, mo ní ẹyin àti mílíìkì ni wọ́n tún wá ní kí n máa jẹ báyìí. Ó bi mí pé ọjọ́ wo ni wọ́n tún máa ní kí n má jẹ ẹ́.

Ó wá ní, "Kí ló dé tí o kò fi wí i lọ́jọ́ náà?"

Mo lè sọ pé mo gbàgbé. Mo lè dì í ru àìsàn, àìsàn náà sì ni. Mo ní, "Màmá, kò ká mi lára. Ẹ wà níwájú mi, kò sì ká mi lára."

Ó mi orí. Ó ní, "Èmi rò pé mo ti pa ọmọ mi. Mo ń bẹ nínú ulé yìí, mo ń wo ọwọ́ mi."

Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé orúnkún mi kò tíì le. N kò dìde. Mo ní ebi ń pa mí.

Ó wo odó, ó wò mí, ó tún wo odó. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó lọ mú iṣu méjì nínú àká, ó sì ní kí n jókòó dáadáa. N kò ràn án lọ́wọ́, kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó bẹ iṣu, ó dáná, ó se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ó sì ń fọ gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Nígbà tó fẹ́ fi iyọ̀ sí i, ó bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e wá síwájú mi pé kí n wò ó. Mo ní iyọ̀ ni. Ó ní kí n wò ó dáadáa.

Ó gún iyán náà, ó sinmi lẹ́ẹ̀mẹ́rin kó tó kúnná. Ó gbé oúnjẹ síwájú mi. Mo ti fọwọ́, mo ti na ọwọ́ sí i, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ dí àwo náà. Ó ṣẹ́ òkèlè kan nínú iyán mi, ó fi run ọbẹ̀ mi, ó gbé e mì.

Lọ́dọ̀ wa, àlejò tí a kò mọ̀ rí ni a máa ń tọ́ oúnjẹ wò níwájú rẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Kò sí ìyá tó ń ṣe é fún ọmọ. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi."

Ó ní, "Jẹ́ ká dúró díẹ̀."

Mo bú sẹ́kún. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé inú, ó ń retí ohun tí oúnjẹ náà máa ṣe é. Ìgbà tí iyán ti tutù ló tó ní kí n jẹ.